Púdíìnì ìrẹsì tí a kò họ èérí rẹ̀, fún màmá tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gòkè

Arábìnrin kan tí ń gbé ní London ni ó kọ ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn yìí ránṣẹ́. Ó ní ìyá òun, ẹni ọdún 68, wá láti Abẹ́òkúta láti bá òun tọ́jú ọmọ, àti pé láti ọjọ́ tí màmá ti tọ́ púdíìnì ìrẹsì àwọn Gẹ̀ẹ́sì wò nínú abọ́ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni kò ti fẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìjẹ ẹ́. Dókítà sì ti sọ fún wọn pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ màmá ga ju bó ṣe yẹ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì di àtọ̀gbẹ. Arábìnrin wa wá ra ìrẹsì búráùn, ó fi í rọ́pò ìrẹsì funfun nínú ìlànà tí ó ti ń lò tẹ́lẹ̀, ó da mílíìkì, ṣúgà àti èso àjàrà gbígbẹ lé e, ó sì gbé e sínú ófùn. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ìrẹsì ṣì ń dún lábẹ́ eyín, mílíìkì ti já, omi rẹ̀ lọ́tọ̀, ìdì rẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn ọmọ kò sì jẹ ju ṣíbí kọ̀ọ̀kan lọ. Ohun méjì ni ó béèrè: kí ni òun ṣe tí kò tọ́, àti pé ṣé lóòótọ́ ni ìrẹsì búráùn yóò ṣe màmá láǹfààní tó bẹ́ẹ̀ tí wàhálà rẹ̀ fi tọ́ láti ṣe?

Ẹ kú ìtọ́jú màmá, arábìnrin mi. Ìbéèrè yín kejì ni n óò kọ́kọ́ dáhùn, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ ni yóò pinnu bí a ó ṣe se púdíìnì náà. Ìrẹsì búráùn sàn ju ìrẹsì funfun lọ, ṣùgbọ́n ní ti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ nìkan, kò sàn jù ú lọ tó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Ohun tí yóò ran màmá lọ́wọ́ jù lọ ni ọkà mìíràn tí ẹ ó fi kún ìrẹsì náà, ìwọ̀n ṣúgà tí ẹ ó yọ kúrò, àti bí abọ́ tí ẹ fi ń bù ú fún wọn ṣe tóbi tó. Bí ẹ bá pààrọ̀ ìrẹsì nìkan tí ẹ fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ bó ti wà, iṣẹ́ púpọ̀ ni ẹ ó ṣe fún èrè kékeré.

Hóró ìrẹsì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé wọ ẹ̀wù lórí ẹ̀wù. Èyí tó wà lóde pátápátá ni èèpo líle tí ènìyàn kò lè jẹ, bí wọ́n bá sì ṣí i kúrò, ìrẹsì búráùn ni ó kù. Lábẹ́ èèpo yẹn ni èérí wà, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo hóró, ní ìdí hóró náà sì ni ojú kékeré kan wà, ibi tí ìrẹsì ti ń hù. Inú funfun tí ó kù, sítáàṣì ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń sọ ìrẹsì di funfun a máa họ èérí àti ojú yìí dànù, èyí tó pọ̀ jù nínú fáíbà, magnésíọ̀mù àti àwọn fítámì B inú hóró náà a sì bá wọn lọ. Nínú gíráàmù 100 ìrẹsì búráùn tí a kò tíì sè, fáíbà tó wà níbẹ̀ tó gíráàmù 3 sí 4. Ti ìrẹsì funfun kì í sábà ju gíráàmù 1 àti díẹ̀ lọ.

Ó pẹ́ kí ayé tó mọ ohun tí wọ́n ń dà nù. Ní erékùṣù Java, tí àwọn Dutch ń ṣàkóso nígbà náà, àrùn beriberi ń sọ ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn di rírọ, ó sì ń pa wọ́n. Ní àwọn ọdún 1890, Christiaan Eijkman, dókítà Dutch kan, ṣàkíyèsí pé àwọn adìyẹ tó wà ní ilé ìwádìí òun ń ṣe àìsàn tó jọ beriberi nígbà tí wọ́n ń jẹ ìrẹsì funfun tó ṣẹ́kù láti ilé ìdáná ilé ìwòsàn, àti pé ara wọn yá nígbà tí wọ́n padà sí ìrẹsì tí a kò họ. Òun fúnra rẹ̀ rò pé májèlé kan ló wà nínú sítáàṣì, tí èérí sì ń pa agbára rẹ̀. Gerrit Grijns, tí ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ni ó túmọ̀ rẹ̀ dáadáa pé ohun kan tí ara kò lè ṣe aláìní ló wà nínú èérí, tí kò sí nínú inú funfun. Fítámì B1 ni ohun náà, wọ́n sì fún Eijkman ní ẹ̀bùn Nobel ní 1929, òun pẹ̀lú Frederick Gowland Hopkins. Nítorí náà, nígbà tí mo bá sọ pé ìrẹsì búráùn sàn jù, nǹkan tí wọ́n ti fi ojú rí ni mò ń sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ màmá. Ìwọ̀n kan wà tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ fi ń mọ bí oúnjẹ kan ṣe ń yára gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè tó. Gúlúkóòsì fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi sí 100, wọ́n sì ń fi oúnjẹ yòókù wé e. Nínú àkójọ àgbáyé tí wọ́n gbé jáde ní 2008, ìpíndọ́gba ìrẹsì funfun sísè jẹ́ 73, ti ìrẹsì búráùn jẹ́ 68, ti ọkà báàlì sì jẹ́ 28. Ẹ tún nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà wò. Láàárín ìrẹsì funfun àti ìrẹsì búráùn, àlàfo náà kéré gan-an. Láàárín ìrẹsì méjèèjì àti báàlì, àlàfo náà pọ̀ débi pé ènìyàn kò gbọ́dọ̀ fojú fò ó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbà yín nímọ̀ràn pé kí ìdajì ọkà inú púdíìnì màmá jẹ́ báàlì.

Ohun tó wà nínú báàlì yìí ni irú fáíbà kan tí wọ́n ń pè ní beta-glucan, èyí tó wà nínú óòtì pẹ̀lú. Bí ó bá kan omi gbígbóná, a máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, a sì máa fà bí omi ilá. Ìfà yìí ló ń jẹ́ kí oúnjẹ rọra kọjá nínú ìfun, tí ṣúgà inú rẹ̀ kì í fi í ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òun náà ló ń dín kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kù fún ẹni tó bá ń jẹ nǹkan bí gíráàmù 3 rẹ̀ lójúmọ́. Àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i láti 1997 pé kí àwọn tí ń ta óòtì máa kọ ọ́ sára páálí ọjà wọn pé fáíbà yìí lè dín ewu àrùn ọkàn kù. N kò ní tàn yín: abọ́ púdíìnì kékeré kan kò lè gbé ìdajì gíráàmù 3 yẹn wá, nítorí náà, bí màmá bá ń mu óòtì ní àárọ̀, kí wọ́n má ṣe fi í sílẹ̀ nítorí púdíìnì.

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ báàlì yìí fún ìdí mìíràn, èyí tí ó kan ìbéèrè yín àkọ́kọ́ tààrà. Ohun tó ń fà nínú báàlì, tó ń ṣe ara láǹfààní, òun náà ni yóò mú púdíìnì yín ki, tí yóò sì jẹ́ kí ó rọ̀ lẹ́nu. Ìrẹsì búráùn kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún yín. Ìrẹsì funfun kúkúrú ni wọ́n ṣètò ìlànà tí ẹ lò fún, ìrẹsì yẹn kò sì ní ẹ̀wù kankan lára mọ́. Bí mílíìkì bá ti gbóná báyìí ni sítáàṣì rẹ̀ ń tú jáde, tí gbogbo rẹ̀ sì ń di ọ̀kan. Ìrẹsì búráùn ṣì wọ ẹ̀wù rẹ̀, epo díẹ̀ sì wà nínú èérí náà, nítorí náà, omi kì í tètè wọlé, sítáàṣì kì í sì í tètè jáde. Ẹ gbé irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀ sínú mílíìkì tí ń gbẹ tí ó sì ń ki lọ nínú ófùn. Omi tí ó yẹ kí ó mu ti ń tán kí ó tó ráyè mu ún. Kò sí bí kò ṣe ní le.

Ní ti mílíìkì tó já, èso àjàrà gbígbẹ tí ẹ dà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo fura sí. Èso gbígbẹ ní ásíìdì nínú, bí ó bá sì pẹ́ lórí iná pẹ̀lú mílíìkì fún wákàtí méjì, purotéènì mílíìkì a máa dì, omi a sì yà kúrò lára rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rí nígbà tí àwọn Fúlàní bá ń ṣe wàrà. Iná tó pọ̀ jù a máa mú kí ó burú sí i. Ìwòsàn rẹ̀ kò le: èso ni yóò kẹ́yìn wọ inú ìkòkò, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná.

Bí mo ṣe ń se tèmi rèé. Ìwọ̀n rẹ̀ tó abọ́ kékeré mẹ́fà. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ wọn gíráàmù 70 ìrẹsì búráùn, kí ó jẹ́ èyí tí hóró rẹ̀ kúrú, nítorí pé ìrẹsì gígùn kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Ẹ ṣàn án dáadáa, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi púpọ̀. Ẹ wọn gíráàmù 70 báàlì sínú abọ́ mìíràn, kí ẹ rẹ òun náà. Ẹ má pa wọ́n pọ̀, nítorí pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ó sè wọ́n, ìdí rẹ̀ sì ń bọ̀. Bí ẹ bá dé ilé ìtajà, ẹ ó rí báàlì tí wọ́n ti bó títí tó fi ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹ ó sì rí èyí tí èérí ṣì wà lára rẹ̀. Èyí tó ní èérí ni ẹ wá, ó dára jù; ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá rí i, ẹ ra èyí tó ń dán, nítorí pé beta-glucan ti báàlì tàn ká inú hóró rẹ̀ dé àárín gbùngbùn, kì í ṣe inú èérí nìkan ló wà bíi ti ọ̀pọ̀ ohun rere tó wà lára ìrẹsì. Bí wọ́n bá họ báàlì, ó pàdánù. Ṣùgbọ́n kì í pàdánù gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ da omi tí ẹ fi rẹ ìrẹsì nù, kí ẹ sè é nínú omi tuntun tó tó lítà kan, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, títí tí ẹ ó fi lè fi ìka méjì tẹ hóró kan fọ́ láìfi agbára sí i. Ẹ má wo aago ju ìka yín lọ. Nígbà náà ni kí ẹ sẹ́ omi rẹ̀ dànù. Báàlì ní tirẹ̀, omi mìlílítà 500 péré ni ẹ ó fi sè é fún ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, lórí iná tí kò le, kí ẹ sì dé e. Ẹ kò gbọ́dọ̀ da omi tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ nù, nítorí pé inú omi tó ń fà yẹn ni èyí tí a ń wá wà. Bí ẹ bá ti pa méjèèjì pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó ti sẹ́ ẹ dànù pẹ̀lú omi ìrẹsì. Bí omi rẹ̀ bá fẹ́ gbẹ kí báàlì tó rọ̀, ẹ bù díẹ̀ sí i.

Ẹ da ìrẹsì sínú ìkòkò báàlì, kí ẹ bu iyọ̀ tín-ínrín sí i, kí ẹ da mílíìkì mìlílítà 600 lé e. Iná kékeré ni ẹ ó lò láti ibí lọ, kí ẹ máa fi ṣíbí onígi rò ó láti ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 25 tàbí 30. Kò gbọ́dọ̀ hó yaya, kí ó kàn máa mí lábẹ́lẹ̀ bí ẹ̀kọ ṣe ń mí kí ó tó jinná. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó tó ki, ẹ bù ú ní ìgbákọ kan sínú bùlẹ́ńdà, kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ dà á padà. Ìgbákọ kan yìí ni ó máa ń tan àwọn ọmọ jẹ, nítorí pé ahọ́n wọn yóò kọ́kọ́ pàdé nǹkan tó ń ṣàn, hóró tó ṣeé jẹ lẹ́nu yóò sì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni sínámọ́nì, nọ́tímẹ́ẹ̀gì tí ẹ rin sí i, àti ìkán fànílà bíi mélòó kan. Ẹ pa iná. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ èso àjàrà gbígbẹ, ó ti tó àkókò rẹ̀ báyìí, kí ó má sì ju ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan lọ fún gbogbo ìkòkò. Bí ojú òkè rẹ̀ tó máa ń pọ́n bá wu màmá, ẹ dà á sínú àwo, kí ẹ gbé e sínú ófùn gbígbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iṣẹ́ tí ófùn ní nínú ìlànà yìí kò ju ìyẹn lọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣúgà ni ẹ ń dúró dè. Ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wọ́pọ̀ máa ń ní gíráàmù 50 ṣúgà fún gíráàmù 100 ìrẹsì, wọ́n a sì pín in fún ènìyàn mẹ́rin. Gíráàmù 12 àti ààbọ̀ ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àjọ ìlera àgbáyé, nínú ìtọ́sọ́nà tí wọ́n gbé jáde ní 2015, ní yóò dára kí ṣúgà tí a ń bù sí oúnjẹ má ju nǹkan bí gíráàmù 25 lọ lójúmọ́ fún àgbàlagbà, nítorí náà, abọ́ kan ti jẹ ìdajì rẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn sábà ń ṣe ni pé wọ́n á yọ ṣúgà, wọ́n á fi dàbínù tàbí oyin rọ́pò rẹ̀, ọkàn wọn á sì balẹ̀ pé ohun tí Ọlọ́run dá ni. Oyin, ṣúgà ni lójú ẹ̀jẹ̀. Dàbínù Medjool kan, ìyẹn èyí tó tóbi tó sì rọ̀, ní nǹkan bí gíráàmù 16 ṣúgà nínú. Bí ẹ bá gún mẹ́ta sínú ìkòkò, ẹ ti dá gíráàmù 50 yẹn padà tán, àfi pé orúkọ rẹ̀ ti yí padà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ń lò. Mo máa ń yọ kóró rẹ̀, mo máa ń fi omi gbígbóná rẹ ẹ́, mo sì máa ń lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ìgbákọ kan tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, tí yóò fi jẹ́ pé ohun tó kan abọ́ kọ̀ọ̀kan kò tó gíráàmù 3.

Ẹ ó sọ pé kò ní dùn tó. Ní ìgbà àkọ́kọ́, òótọ́ ni. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: bí ìkòkò yín bá ti ń gba gíráàmù 50, ẹ sọ ọ́ di 35 ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sọ ọ́ di 20 ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, kí ẹ tó wá dé orí dàbínù kan náà. Ahọ́n a máa yí padà, bí ó ti ń yí padà fún ẹni tó bá dín iyọ̀ ọbẹ̀ kù. Àwọn ohun kan wà tí ń ràn án lọ́wọ́. Iyọ̀ tín-ínrín yẹn wà níbẹ̀ fún ìdí kan. Sínámọ́nì àti fànílà máa ń mú kí ènìyàn rò pé ohun tó wà lẹ́nu dùn ju bó ti rí lọ. Bẹ́ẹ̀ ni púdíìnì tó lọ́wọ́ọ́wọ́ máa ń dùn lẹ́nu ju èyí tó tutù lọ, nítorí náà, ẹ fún màmá ní tiwọn nígbà tí ooru ṣì wà lára rẹ̀.

Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀ papọ̀, sítáàṣì, ṣúgà mílíìkì àti dàbínù, abọ́ kan nínú mẹ́fà yìí yóò ní nǹkan bí gíráàmù 25 kábọ̀háídíréètì, nígbà tí abọ́ kan nínú mẹ́rin ti ìlànà àtijọ́ ní nǹkan bí 40. Ìyàtọ̀ tó tóbi jù nìyẹn nínú gbogbo ohun tí mo ti ń sọ, abọ́ kékeré sì ní ipa nínú rẹ̀ tó bí ọkà ṣe ní. Ẹ má ṣe jẹ́ kí màmá bù ú fúnra wọn láti inú ìkòkò. Kí wọ́n sì jẹ ẹ́ dípò búrẹ́dì tàbí iṣu, kì í ṣe lórí rẹ̀.

Mílíìkì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Èyí tí wọ́n yọ ìdajì ọ̀rá rẹ̀ ti tó. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nínú wa ni inú wọn máa ń kùn bí wọ́n bá mu mílíìkì màlúù, nítorí pé ara wọn kì í lọ ṣúgà inú rẹ̀ mọ́. Bí màmá bá wà lára wọn, mílíìkì sóyà tí wọn kò fi ṣúgà sí ni kí ẹ lò, nítorí pé purotéènì rẹ̀ súnmọ́ ti màlúù. Omi àgbọn tí a fún máa ń dùn nínú rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀rá tó dì ló pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ kàn fi ta á lẹ́nu ni. Mílíìkì inú agolo tí kò ní ṣúgà dára bí ẹ bá fi omi ìwọ̀n kan náà là á. Èyí tó ki tó sì dùn bí oyin, ẹ má mú un dé ìdí ìkòkò yìí rárá. Ju ìdajì ìwúwo rẹ̀ lọ ni ṣúgà.

Àwọn tó wà nílé lè béèrè pé ṣé ọ̀fadà kò lè ṣe é. Ó lè ṣe é, bí ó bá jẹ́ ọ̀fadà tí wọn kò bó jù, èyí tí ẹ ó rí ilà pupa lára hóró rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lórúkọ ọ̀fadà ni wọ́n ti bó di funfun. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ nígbà mẹ́ta. Òórùn tí ọ̀fadà máa ń ní láti inú omi tí wọ́n fi rẹ ẹ́, tí ó bá ata àti irú mu lọ́nà ìyanu, kò bá mílíìkì àti fànílà mu. Ní ìgbà kẹta tí mo yọ fànílà, tí mo fi atalẹ̀ àti omi àgbọn díẹ̀ sí i, ni mo tó gbádùn rẹ̀, n óò sì tún sè é bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣa òkúta rẹ̀ tọkàntọkàn. Bí kò bá sí báàlì lọ́jà yín, óòtì tí kò tíì di lẹ́búlẹ́bú ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ju ìṣẹ́jú 20 lọ lórí iná. Ọkà bàbà tí wọ́n là wẹ́wẹ́ náà dára fún fáíbà, àfi pé kì í fà bíi báàlì.

Ohun mẹ́ta ló kù tí n kò fẹ́ kí ẹ gbàgbé. Àkọ́kọ́ ni pé inú omi ni ìrẹsì ti ń dàgbà, ó sì máa ń fa ásẹ́níìkì, ohun olóró kan, láti inú ilẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ọkà lọ; inú èérí ló sì máa ń kó o sí, tí ó fi jẹ́ pé ti ìrẹsì búráùn pọ̀ ju ti funfun. Kò yẹ kí èyí dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n òun ni ìdí tí mo fi ní kí ẹ fi omi púpọ̀ sè é kí ẹ sì sẹ́ ẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú fítámì B yóò bá omi náà lọ. Òun náà ni ìdí tí mo fi fọwọ́ sí i pé kí ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ má fún un ní ohun mímu tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe dípò mílíìkì. Ìmọ̀ràn ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba ní Britain ni bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni ìpamọ́. Kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ìrẹsì tí iná kì í pa tán, bí ìrẹsì sísè bá sì pẹ́ níta, kòkòrò náà a jí, a sì tu májèlé tí gbígbóná ẹlẹ́ẹ̀kejì kò lè bà jẹ́. Ẹ bu èyí tó bá ṣẹ́kù sínú àwo pẹlẹbẹ kí ó lè tètè tutù, kí ó wọ fíríìjì láàárín wákàtí kan, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán kí ọjọ́ kejì tó parí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ lè gbé e kaná padà. Ìrẹsì búráùn tútù náà kì í pẹ́ bíi funfun, nítorí epo inú èérí rẹ̀ máa ń bàjẹ́. Bí ẹ bá ṣí àpò rẹ̀ tó ń rùn bí epo àtijọ́, ẹ dà á nù.

Ẹ̀kẹta, báàlì ní gúlúténì, irú purotéènì kan tí ara àwọn ènìyàn kan kò gbà; ẹni tí dókítà bá ti kà á léèwọ̀ fún kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò, òun ni yóò lo ọkà bàbà. Bákan náà, bí kíndìnrín màmá kò bá ṣe dáadáa, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà wọn kí ẹ tó sọ ìrẹsì búráùn di oúnjẹ ojoojúmọ́, nítorí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rẹ̀ pọ̀ ju ti funfun lọ.

Nọ́ńbà tí mo kọ sókè yìí, ìpíndọ́gba ni. Ara màmá lè ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá ti fún wọn ní ẹ̀rọ tí ń wọn ṣúgà nílé, ẹ wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó jẹ púdíìnì náà, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ tí wọn kò jẹ ohun mìíràn pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ fún nọ́ọ̀sì nígbà tí màmá bá tún lọ fún àyẹ̀wò. Bí ó bá sọ pé ó gòkè jù, ẹ dín ìrẹsì kù sí gíráàmù 40, kí ẹ sọ báàlì di 100, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n.